Oògùn Mojísọ́lá Nínú Ìgò Omi Àdúrà

Bí o bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn tí rédíò kò ní gbé, lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn aboyún láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ní ilé ìwòsàn kan ní apá Ìgàndó, ní ọdún 1996, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń bá yodì, ẹni tí oyún mú kó máa jẹ amọ̀, àti ẹni tí ìyá ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kó rímú mí. Bí nọ́ọ̀sì bá ti dá orin, gbogbo wọn á gbè é, àtẹ́wọ́ á sì máa ró gbàgbà.

Mojísọ́lá náà máa ń kọrin náà dáadáa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pe orúkọ rẹ̀ pé kó wá wọn ìfúnpá, orin á kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Ó nídìí. Lọ́dún méjì ṣáájú, ó gbé oyún dé oṣù keje. Orí ń fọ́ ọ, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ọwọ́ àti ojú rẹ̀ wú. Gbogbo ènìyàn ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un, kó lọ sinmi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, gìrì aboyún gbé e ṣánlẹ̀ nínú ilé ìdáná. Nígbà tó máa lajú, ikùn rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, kò sì sí ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ọmọ ọlọ́mọ bá ń sunkún nítòsí rẹ̀, ńṣe ni yóò yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n má baà rí omi lójú rẹ̀. Kò sí ohun tó fẹ́ láyé yìí ju kó gbọ́ igbe ọmọ tirẹ̀ lọ.

Nítorí náà ni Dókítà Matilda Ọláníyan, obìnrin àgbà kan tí kì í fi iṣẹ́ ṣeré, ṣe fún un ní oògùn kan nígbà tí oyún tuntun yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́ta. Asipirín kékeré ni, irú èyí tó máa ń yòrò nínú omi.

"Ẹyọ kan lójúmọ́," ni dókítà wí nígbà náà. "Ju sínú omi, jẹ́ kó yòrò, kí o mu ún."

Oyún ti wọ oṣù karùn-ún báyìí. Dókítà so rọ́bà mọ́ apá rẹ̀, ó fẹ́ ẹ, ó tún fẹ́ ẹ. Ó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Kò rẹ́rìn-ín.

"Mojísọ́lá, ẹ̀jẹ̀ rẹ ti ń gòkè o. Ṣé ò ń lo oògùn tí mo fún ẹ?"

"Lójoojúmọ́, mà."

"O ò fo ọjọ́ kan?"

"Mo fi Ọlọ́run búra, mà. Kí n tó fi nǹkankan kan ẹnu láàárọ̀, òun ni mò ń kọ́kọ́ mu."

Dókítà wo ojú rẹ̀ fín-ín-fín-ín, kò rí irọ́ níbẹ̀. Òótọ́ sì ni, Mojísọ́lá kò purọ́.

"Ó dáa. Gbọ́ mi," ni dókítà wí. "Nínú ara àwọn aboyún kan, ẹ̀jẹ̀ máa ń fẹ́ dì wẹ́wẹ́ nínú àwọn iṣan tó ń gbé oúnjẹ lọ sí ibi ọmọ. Ibẹ̀ ni wàhálà tó bá ẹ níjọ́sí ti ń bẹ̀rẹ̀. Asipirín kékeré yìí ló máa ń ràn wá lọ́wọ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà máa ṣàn geere. Ṣùgbọ́n gbogbo ara kọ́ ló ń dáhùn sí i bákan náà. Àwọn kan ń lò ó tí ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dáhùn. Ó jọ pé tìẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Kí la wá fẹ́ ṣe, mà?"

"Mo máa fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kún un. Padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí orí bá fọ́ ẹ, bí ojú rẹ bá ń ṣe bàìbàì, má dúró dọ̀la, máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀."

Ara ò dáhùn. Ọ̀rọ̀ tí Mojísọ́lá gbé relé nìyẹn, ó sì wúwo fún un ju oyún inú rẹ̀ lọ.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló bá nílé, tó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Esther lorúkọ màmá yìí, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò Àkẹsàn kò mọ̀ ọ́n sí nǹkan mìíràn ju Ìyá Ìjọ lọ. Nínú ìjọ aláṣọ funfun wọn, òun ló ń mójú tó omi orí pẹpẹ. Ẹni tí Ìyá Ìjọ bá ń gbàdúrà fún kò gbọdọ̀ ní ibi kankan tó fẹ́ yára lọ, nítorí pé láti orí ìran àkọ́kọ́ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó nífẹ̀ẹ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ dénú. Nígbà tí ọmọ àkọ́kọ́ bọ́, òun àti Mojísọ́lá ni wọ́n jọ sunkún lórí ẹní kan náà.

"Ara tí kò dáhùn sí oògùn, Àbẹ̀kẹ́, ó ń sọ nǹkan fún wa ni," ni màmá wí lẹ́yìn tó gbọ́ ọ tán, oríkì Mojísọ́lá ló fi pè é. "Oògùn òyìnbó ti ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Jẹ́ ká jọ lọ máa gbé nínú ọgbà ìjọ títí o ó fi bímọ. Ilé ìwòsàn ti tó."

Báyọ̀dé, ọkọ Mojísọ́lá, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé láti Ìkẹjà, kò tíì bọ́ bàtà tán. Ó fò dìde.

"Ara kọ́ o, Màámi! Oògùn ayédèrú ni. Jàfárù tó ni kẹ́mísì ní Ìkọ̀tún yẹn, ẹfun ló tà fún wa. Ọ̀la ni mo máa bá a!"

"Bá a tàbí o ò bá a," ni màmá dá a lóhùn, "bí ẹ bá ti dé, kí ìyàwó mi di ẹrù rẹ̀."

Mojísọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ó mọ̀ pé bí òun bá wọ ọgbà ìjọ, kò sẹ́ni tí yóò máa wọn ìfúnpá òun níbẹ̀. Ó tún mọ̀ pé ilé ìwòsàn tí òun ń lọ déédéé ló sọ pé ara òun ò dáhùn. Ẹ̀rù méjèèjì ló ń bà á, kò sì mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ sá fún.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba Ìkọ̀tún lọ. Ọ̀gá Jàfárù yìí, apòògùn tó kàwé gidi ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ ju oògùn rẹ̀ lọ. Bí o bá ní kó ta oògùn ibà fún ọ, yóò bi ọ́ pé ta ló ni ín, ọmọ ọdún mélòó ni, kí ló ti kọ́kọ́ lò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti torí bẹ́ẹ̀ lọ máa ra oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, torí pé àwọn yẹn kì í bèèrè ju owó lọ.

"Ọ̀gá Jàfárù, ẹfun lẹ tà fún mi!" Láti ìta ni Báyọ̀dé ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. "Ìyàwó mi ń lo oògùn yín, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gòkè! Ẹ fẹ́ pa á ni?"

Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, èrò ti ń pé jọ. Ẹni tó fẹ́ ra pánádò gbàgbé orí fífọ́, ó dúró wòran.

"Ẹ wọlé, ẹ jókòó ná," ni Jàfárù wí. Ó gbé páálí asipirín kan sílẹ̀, ó fà á ya lójú gbogbo wọn, ó sì ju ẹyọ kan sínú ife omi. Ó hó ṣìì, ó yòrò. "Irú èyí náà ni mo tà fún yín. Inú irú páálí yìí ni mo ti ń mú fún bàbá tó bí mi lọ́mọ, tí àyà ń dùn. Ṣé màá fún bàbá mi ní ẹfun ni?"

"Tó bá jẹ́ ojúlówó, kí ló dé tí ò ṣiṣẹ́?"

Mojísọ́lá ni Jàfárù yíjú sí.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi lò ó bí ẹ ṣe ń lò ó nílé. Ẹ má sọ ọ́ fún mi o. Ẹ ṣe é kí n rí i."

Mojísọ́lá ṣí báàgì rẹ̀. Ìgò ńlá kan ló mú jáde, irú èyí tí omi ọsàn máa ń wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ tónítóní. Ó bu omi inú rẹ̀ sí ìdérí kékeré kan, ó fẹ́ gbé e sẹ́nu.

"Ẹ dúró," ni Jàfárù wí. "Oògùn dà?"

"Ó wà nínú ẹ̀."

"Ẹyọ mélòó?"

"Gbogbo ẹ̀. Ti oṣù kan."

Báyọ̀dé wo ìyàwó rẹ̀. Jàfárù fa àga kan, ó jókòó.

"Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mà. Mi ò bínú."

Mojísọ́lá ṣàlàyé, tìdùnnú-tìdùnnú sì ni, nítorí pé ọgbọ́n orí rẹ̀ ló lò. "Dókítà ní kí n jẹ́ kó yòrò nínú omi. Ní ìjọ wa, nǹkankan ò gbọdọ̀ wọ ẹnu aboyún láìjẹ́ pé a gbàdúrà sí i. Màámi kì í sì í sí nílé láàárọ̀, ìdájí ni wọ́n ti máa ń lọ tún pẹpẹ ṣe. Ni mo bá rò ó pé dípò kí n máa dà wọ́n láàmú lójoojúmọ́, kí n kúkú kó gbogbo ẹ̀ sínú omi àdúrà lọ́jọ́ Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù, kí wọ́n gbàdúrà sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdérí kan láàárọ̀, ó máa ń bá oṣù parí."

"Níbo lẹ ń gbé ìgò náà sí?"

"Ojú fèrèsé, níbi tí oòrùn ti ń là sí i."

Jàfárù gba ìgò náà, ó gbé e sí imú. Ó wá nà án sí Ìyá Ìjọ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ bá mi gbóòórùn ẹ̀."

Màmá gbóòórùn rẹ̀. Ó fajú ro díẹ̀. "Ó ń kan. Ó ń rùn bí ọtí kíkan, irú èyí tí wọ́n fi kànìnkànìn gbé fún Olúwa wa lórí igi."

"Ẹ wá gbóòórùn ti inú ife yìí, èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yòrò."

"Èyí ò kan rárá."

"Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, mà. Asipirín àti omi kì í bára gbé pẹ́. Bí ẹ bá yòrò ẹyọ kan tí ẹ mu ún lójú ẹsẹ̀, ó ti wọlé nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tọ́jú ẹ̀ sínú omi, pàápàá nínú ooru, yóò máa tú ká díẹ̀díẹ̀, yóò máa di nǹkan mìíràn. Ọ̀kan nínú ohun tó ń dà ni kíkan tí ẹ gbóòórùn yẹn. Ìyókù á ṣì dà bí oògùn lẹ́nu, àmọ́ agbára tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ti lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ìyàwó yín ń rí oògùn díẹ̀ mu. Nígbà tí oṣù bá fi máa já, omi kíkan ló kù." Ó wá kọjú sí Mojísọ́lá. "Ara yín ò kọ oògùn, mà. Oògùn ni ò dé ara yín."

Ìyá Ìjọ gbé ìgò náà dání, ó na ara rẹ̀ ró.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé omi àdúrà wa ló ba oògùn jẹ́?"

Báyọ̀dé tó ti ń pariwo láti àárọ̀, àjà ló ń wò báyìí. Àwọn òǹwòran ń retí ìjà, wọ́n tilẹ̀ ti ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ má bínú, Màmá mi," ni Jàfárù wí wọ́ọ́rọ́wọ́. "Ìyá tèmi lọ sí Mẹ́kà, omi Sámúsámù ni wọ́n gbé bọ̀ fún wa. Bí mo bá kó asipirín sínú omi Sámúsámù, tí mo gbé e sójú oòrùn, bákan náà ló máa kan. Bí mo bá sì kó o sínú omi kànga, kò ní yàtọ̀. Omi ò lẹ́bi. Pípẹ́ tó pẹ́ níbẹ̀ ni, àti ooru. Ẹ máa gbàdúrà yín lọ, mà. Kí oògùn ṣáà wà nínú bébà dídán tí wọ́n fi dì í, títí di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ mu ún."

Ìyá Ìjọ rìn jáde dé etí gọ́tà, ó sì da gbogbo omi inú ìgò náà nù pátá. Nígbà tó padà wọlé, ojú rẹ̀ ti rọ̀.

"Ẹnu mi ni mo fi súre sí i, ọwọ́ mi náà ló yẹ kó dà á nù," ni ó wí. "Àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn, òun ló ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Mo ti fẹ́ mú ọmọ yìí kúrò nílé ìwòsàn o! Báyọ̀dé, bẹ ọ̀gá yìí. O ti jẹ́ kó gbọ́ ariwo tó tó."

Báyọ̀dé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba àga jẹ́. Èrò bú sẹ́rìn-ín. Mojísọ́lá nìkan ni kò lè rẹ́rìn-ín. Ẹkún ló gbà á, nítorí ó rò ó pé ọwọ́ ara òun ni òun ì bá fi tún ọmọ òun pa. Màmá fà á mọ́ra.

"Dákẹ́, Àbẹ̀kẹ́. Abẹ́rẹ́ á lọ kọ́nà okùn tó dí. A ò ní di ẹrù kankan mọ́. Ọ̀dọ̀ dókítà la ń lọ lọ́la, èmi náà á tẹ̀ lé ẹ."

Nígbà tí Dókítà Ọláníyan gbọ́ ọ, ó di orí mú.

"Mo bi ọ́ pé ṣé ò ń lò ó. Mi ò bi ọ́ pé báwo. Láti òní lọ, gbogbo aboyún tó bá wọlé síbí ni mo máa bi." Ó wá na ìka. "Ṣùgbọ́n asipirín kì í ṣe idán o. Ó ń dín ewu kù ni, kò lè mú gbogbo ẹ̀ kúrò. O ò gbọdọ̀ fo ọjọ́ àyẹ̀wò kankan, o ò gbọdọ̀ fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀, a ó sì máa yẹ ìtọ̀ rẹ wò. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Èmi náà gbọ́," ni Ìyá Ìjọ wí, bí ẹni pé òun ló lóyún.

Láti ọjọ́ náà, ètò tuntun wọlé. Kí màmá tó lọ sí ilé ìjọ ní ìdájí, yóò bu omi àdúrà sí ife, Mojísọ́lá yóò já ẹyọ oògùn kan nínú bébà rẹ̀, yóò yòrò ó, yóò sì mu ún gbẹ lójú ẹsẹ̀. Àdúrà Ìyá Ìjọ fúnra rẹ̀ kúrú láàárọ̀ báyìí. Báyọ̀dé ní iṣẹ́ ìyanu àkọ́kọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, màmá dìde láàárín ìjọ. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìfi bò. Ó wá bèèrè pé, "Ta ló tún ní oògùn nínú ìgò lórí pẹpẹ wa?"

Obìnrin kan na ọwọ́, bàbá kan na ọwọ́, ó wá di pé ọwọ́ ń jáde káàkiri. Oògùn àyà, oògùn ibà, oògùn àtọ̀gbẹ, gbogbo wọn ló wà nínú omi. Màmá ní kí wọ́n gbé ìgò wọn, kí olúkúlùkù padà tọ ẹni tó fún un ní oògùn lọ, kí ó bèèrè bó ṣe yẹ kó lò ó. Wòlíì fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀.

Oyún wọ oṣù keje. Oṣù tí wọ́n ń bẹ̀rù nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí dókítà bá so rọ́bà mọ́ Mojísọ́lá lápá, Báyọ̀dé á di ẹ̀mí rẹ̀ mú níta. Ẹ̀jẹ̀ dúró síbi tó yẹ. Oṣù keje kọjá. Oṣù kẹjọ náà kọjá. Nígbà tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ sún mọ́lé, dókítà ní kó dá asipirín dúró, ó sì gbà á sí ilé ìwòsàn kí ojú má baà kúrò lára rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, Mojísọ́lá, tí ìrọbí ti gba gbogbo okun rẹ̀, gbọ́ igbe ọmọ. Ó rò pé ti ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì ni. Agbẹ̀bí ló gbé ọmọ náà lé e láyà.

"Tìẹ ni o," ni agbẹ̀bí wí. "Ọmọbìnrin. Gbọ́ bó ṣe ń pariwo!"

Mojísọ́lá gbọ́ ọ. Kò yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kankan. Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń sọ pé, "Ké, ọmọ mi, máa ké!" Níta, Ìyá Ìjọ ti wọ súùtánà rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán jó káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, nọ́ọ̀sì kan sì ń sá tẹ̀ lé e pé kí màmá rọra, ilẹ̀ tutù. Nígbà tó di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, Ọlọ́runṣògo ni wọ́n sọ ọmọ náà. Jàfárù wá. Ó jókòó síwájú, ó sì tún ń bi gbogbo ènìyàn ní ìbéèrè.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún gbogbo wa nìyí. Aboyún kankan kò gbọdọ̀ dá asipirín lò fúnra rẹ̀, kódà bó ṣe ẹyọ kan. Dókítà ló ń mọ ẹni tó yẹ, ìwọ̀n tó yẹ, àti ìgbà tó yẹ kó dá a dúró. Bí wọ́n bá fún ọ, má ṣe kó o sínú omi pamọ́. Ibi tó gbẹ, tí oòrùn kò dé, ni kó wà nínú bébà rẹ̀. Ẹyọ ti òní, òní ni kó yòrò, kí o sì mu ún tán.

Bí oògùn kò bá sì ṣiṣẹ́, ẹ má kánjú sọ pé ara kọ̀ ọ́, ẹ má kánjú bá ẹni tó tà á jà, ẹ má sì fi ilé ìwòsàn sílẹ̀. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ gbé oògùn náà dání lọ bá dókítà, kí ẹ ṣe bí ẹ ṣe ń lò ó lójú rẹ̀. Bí orí bá sì ń fọ́ aboyún gan-an, bí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, bí ojú tàbí ọwọ́ rẹ̀ wú, bí òkè ikùn rẹ̀ ń dùn ún, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un.

Ẹni tó bá sì fẹ́ gbàdúrà sí oògùn rẹ̀, kó gbé e lọ síwájú Ọlọ́run nínú páálí rẹ̀ bó ṣe wà. Ọlọ́run tó rí ọmọ nínú ikùn yóò rí oògùn nínú páálí.